Àpótí Tí Àǹtí Téèpù Fi Ẹsẹ̀ Yàn

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún un pé ó ti dàgbà ju nǹkan kan lọ. Nọ́ọ̀sì kan sọ ọ́ rí, ọmọ rẹ̀ obìnrin náà sọ ọ́ lórí fóònù, àwọn méjèèjì ló tọrọ àforíjì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọ̀gá Dùùrù, olórí ẹgbẹ́ orin wa, sọ ọ́ lójú gbogbo wa, ó tún fi ẹ̀rín sí i. Òun nìkan ni kò tètè mọ̀ pé òun ti fọwọ́ ara òun fa ìjàngbọ̀n.

Àǹtí Téèpù ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí téèpù tó fi ń wọn aṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a sin ọkọ rẹ̀, ó wà lọ́rùn rẹ̀, èmi ni mo rọra bá a yọ ọ́ kí àwọn àna rẹ̀ tó rí i. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún méjìdínlógún ló ti ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ onírin kan náà. Ọmọ rẹ̀ ra èyí tó ń lo iná fún un; ó dúpẹ́, ó da aṣọ bò ó, ó ń gbé áyọ́ọ̀nù lé e lórí.

Èmi ni àbúrò rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, onígbàjámọ̀ ni mí. Orí mi pá. Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín, àwọn oníbàárà mi ti rín in tán. Yàrá kan náà ni àwa méjèèjì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, kọ́tìnnì búlúù ló pín in: lápá tirẹ̀, ẹ̀rọ, dígí gígùn àti àwòrán àwọn ẹ̀wù tí kò sí ẹni tó ń rán irú wọn mọ́, lápá tèmi, àga kan, dígí kékeré àti irun nílẹ̀. Bí fáànù mi bá fẹ́ irun kọjá sórí aṣọ funfun, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́. "Onírun!" ni ó ń pè mí. Ó ti tó ogún ọdún tí kò ti pe orúkọ tí bàbá wa sọ mí.

Gìtá àkọ́kọ́ tó wọ ilé wa, èmi ni bàbá wa rà á fún, torí pé èmi ni ọkùnrin. Ọdún méjì ni mo fi dá ìka mi lóró lásán. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ nígbà náà. Bí bàbá wa bá ti jáde, á gbé gìtá náà lé itan, á jókòó sídìí ẹ̀rọ tí kò sí òwú lára rẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ wà á, ìró rẹ̀ ni á sì fi máa ka ìlù. Tó bá fẹ́ kí orin yára, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yára. Bàbá wa ká a mọ́ ọn lọ́jọ́ kan, ó ní kó dá ohun olóhun padà. Ó ní, "Ó dáa, bàbá. Ẹ ní kí olóhun ta á, ká jọ gbọ́." Bàbá wa wò mí. Mo wo ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun ló ni gìtá. Nígbà tó yá, òun náà ló wá béèsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, fún mi. Ó ní okùn mẹ́rin péré ni, mi ò ní sọnù sínú rẹ̀.

Àwa mẹ́rin la wà nínú ẹgbẹ́ orin wa: Ọ̀gá Dùùrù tó ń tẹ dùùrù tó sì ń kọrin, fọganáísà tó ń lu dùrọ́ọ̀mù, èmi lórí béèsì, ẹ̀gbọ́n mi lórí gìtá. Láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ gbogbo Sátidé, a ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn kan tí àwọn ènìyàn ti ń jẹun, tí àwọn tí oúnjẹ bá wọ̀ lára sì ń jó. Ọ̀gá kéré sí ẹ̀gbọ́n mi ní ọdún mẹ́rìnlá, "mà" ló sì ń pè é, ṣùgbọ́n òun ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, òun ni onígbọ̀ngàn mọ̀.

Gìtá oníná kì í dá sọ̀rọ̀. Láàárín òun àti sípíkà, àwọn àpótí pẹlẹbẹ kan máa ń wà nílẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀: ẹ tẹ èyí, ohùn gìtá á gbóná bí ohùn ẹni tó ń jà, ẹ tẹ ìyẹn, á máa dá ara rẹ̀ lóhùn bí ẹni pé inú kànga ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní mẹ́ta. Rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ìdí síkẹ́ẹ̀tì ló fi dè wọ́n mọ́ orí pákó tó ti fi ń lọ aṣọ rí. Wọ́n ti gbó. Ní Sátidé kan tí gbọ̀ngàn kún dẹ́nu, wọ́n ta pàà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì dákẹ́ pátápátá, gìtá dákẹ́ pẹ̀lú wọn.

Ní ọjọ́ ìdánrawò tó tẹ̀ lé e ni Ọ̀gá sọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi ra àpótí kan ṣoṣo tó kó gbogbo ohùn sínú. Òun ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀ọ́dúnrún ohùn ló wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń tan iná aláràbarà. Ìyẹn kò burú. Ó tún wá ní ihò kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí òun lè ki wáyà bọ̀ láti inú dùùrù òun.

"Ẹ̀yin ẹ kàn máa ta gìtá yín, mà," ni ó wí. "Èmi ni màá máa yí ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Màá ti ka ìyípo orin sínú dùùrù. Tó bá ti dé ibẹ̀, á yí fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ yín ti ń falẹ̀. Ẹ ti dàgbà, kì í ṣe ẹ̀bi yín." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún yín. Bí kò bá sí, ohùn gìtá wà nínú dùùrù mi níbí, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dáa."

Fọganáísà wò mí, mo wò ó. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá ń pariwo, kò séwu. Tó bá ní "ó dáa" báyẹn, ẹ wá ibi sá sí.

Ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹga ní í máa sọ pé ẹga ń pàátótó ẹnu. Ẹlòmíràn lè ní kí ló burú nínú kí ènìyàn báni tẹ bọ́tìnnì. Ohun tó burú níbẹ̀ rèé: nínú orin wa kọ̀ọ̀kan, ibì kan wà tí gìtá ti ń dá sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kì í sì í ka ibẹ̀. Bí inú àwọn tó ń jó bá dùn lójú rẹ̀, á yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá kù díẹ̀ kó yí ohùn padà kó sì dá orin padà fún wa, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbéra, èmi àti fọganáísà á rí i, a ó sì bá a dé ibẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá la ti ń wo ẹsẹ̀ yẹn. Bí dùùrù bá wá ń ka orin fún un, ìgbà tí dùùrù bá fẹ́ ni yóò máa dákẹ́, kì í ṣe ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tán. Ohun tí Ọ̀gá fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì fẹ́ kó fi owó ara rẹ̀ ra ohun tí òun máa fi gbà á.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, a ti ṣọ́ọ̀bù pa, a lọ. Ó gbé gìtá rẹ̀ kọ́ èjìká nínú àpò tí òun fúnra rẹ̀ rán, èmi ni mo gbé sípíkà. Mo ní sípíkà wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta á. Ó ní, "Ṣé sípíkà tiwọn ni mo máa fi ṣeré ní Sátidé?" Àtẹ̀gùn mẹ́tàlélógún ló wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù náà. Mo kà á, torí pé ọwọ́ mi ni ẹrù wà.

Oníṣọ́ọ̀bù kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó fi nǹkan ìgbọ́rin ńlá kan kọ́ ọrùn, èmi ló ń wò.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé ọmọ yín lẹ fẹ́ ra nǹkan fún?"

"Ta lọmọ mi níbí? Èmi ni mò ń ta gìtá."

"Há! Ẹ̀yin gan-an, mà?"

"Ṣé kí n lọ pe ọkọ mi wá jẹ́rìí ni? Inú sàréè ló wà."

Ọmọkùnrin náà ní kí a máà bínú. Mo júwe àpótí ńlá tí Ọ̀gá wí, kíá ló gbé e jáde, ó fi gìtá ṣọ́ọ̀bù ta á fún wa. Kí n má parọ́, ó dùn. Ohùn náà gba gbogbo ilé, ó ń dáhùn láti igun dé igun, orí mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgbúnwọ́ gún mi.

"Pa gbogbo rẹ̀," ni ó wí fún un.

"Kí n pa kí ni, mà?"

"Gbogbo ohùn inú rẹ̀. Jẹ́ kí n gbọ́ gìtá mi bó ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá lásán."

"Mà, ohùn yẹn gan-an lẹ wá rà o."

"Aṣọ tí mo bá fẹ́ rà, mo máa ń yí inú rẹ̀ síta kí n tó wo ojú rẹ̀. Inú ni télọ̀ burúkú máa ń kó ẹ̀gbin rẹ̀ pamọ́ sí. Pa á."

Ó pa á. Ẹ̀gbọ́n mi ki wáyà gìtá tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì so ó mọ́ sípíkà tí mo rù gun àtẹ̀gùn. Ó ta okùn kan, ó tẹ́tí. Ó wá bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń ránṣọ, ẹsẹ̀ lásán náà ló fi ń ṣeré. Ó ní bàtà dà bí ìbọ̀wọ́, kò sẹ́ni tó ń fi ìbọ̀wọ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Oníṣọ́ọ̀bù bojú wo ọ̀tún, ó bojú wo òsì, bóyá oníbàárà mìíràn ń wò wá. Kí ó tó yí ojú padà, ẹ̀gbọ́n mi ti yọ téèpù lọ́rùn, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wọn àlàfo tó wà láàárín bọ́tìnnì kan àti èkejì.

Ọmọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ fẹ́ rán ṣòkòtò fún un ni?"

"Ínṣì méjì ààbọ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó wọn ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Tèmi lé ní mẹ́ta ààbọ̀. Tí mo bá tẹ ọ̀kan, méjì ni màá tẹ̀. Ẹni tó ṣe nǹkan yìí, orí tábìlì ló ti ṣe é, ọwọ́ ló fi ń tẹ̀ ẹ́." Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu ọmọ náà.

Ó tún ta okùn kan, ó jẹ́ kó máa fà gbọọrọ, ó fi ìka ẹsẹ̀ yí ohùn. Ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ó ń fò," ni ó wí.

"Kí ló ń fò?"

"Tí mo bá yí ohùn, ibì kan wà láàárín tí kò sí ohùn rárá. Bí ẹ̀rọ tó ń fo ojú ìrán. Ojú aṣọ á dára, ọjọ́ tí wọ́n bá fà á díẹ̀ ló máa ya."

"Mà, gbogbo àpótí inú ayé yìí ni mo mọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ìyẹn."

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Onírun, kọ ẹ̀yìn sí wa, kí o máa gbọ́."

Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo kàn ń mi orí láti fi gbèjà ilé wa. Lẹ́ẹ̀kẹrin ni mo gbọ́ ọ: ihò kékeré kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́jú. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti ń ta béèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí yìí láti ọdún mẹ́rìnlá, mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló mú tó.

Àpótí mìíràn wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá lórí pẹpẹ, eruku bò ó. Ó kéré. Bọ́tìnnì mẹ́rin ló ní. Téèpù ní ínṣì mẹ́rin ni àlàfo wọn. Oníṣọ́ọ̀bù ní ogójì ohùn péré ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rà á mọ́.

"Ohùn mẹ́rin ni mò ń lò," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Àwọn mẹ́rìndínlógójì tó kù, kí wọ́n máa sùn."

Pẹ́dà gbọọrọ kan wà lápá ọ̀tún rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe tì í tó ni ohùn ṣe ń là tó. Oníṣọ́ọ̀bù ní pẹ́dà yẹn ló ń lé àwọn oníbàárà sá, wọn kì í lè dá a dúró lágbedeméjì. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹsẹ̀ lé e. Ó dá a dúró lágbedeméjì. Ó tún dá a dúró níbi tó kéré sí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ó ń tì í díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tó ń rán ọrùn ẹ̀wù, ohùn gìtá sì ń là bí ilẹ̀ tó ń mọ́. Kò fò níbì kankan. Ọmọkùnrin náà yọ nǹkan ìgbọ́rin kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

Mo rò pé a ti ṣe é tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá. Ó ní kò sẹ́ni tó ń wo àwọ̀ aṣọ nínú iná ṣọ́ọ̀bù, ìta lójú ọjọ́ la ti ń wò ó. Ó ní kí ọmọkùnrin náà gbé àpótí méjèèjì tẹ̀ lé wa lọ síbi ìdánrawò ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Mi ò fẹ́ kí Ọ̀gá sọ pé mi ò gbọ́ tẹnu òun. Màá lo tirẹ̀ lójú rẹ̀."

Ọmọkùnrin náà ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá a jiyàn. Ó jókòó lórí sípíkà ní àárín ọ̀nà, ó fa ṣòkòtò ẹnì kan yọ nínú àpò gìtá, ó fi òwú sí abẹ́rẹ́, ó ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń fò ó kọjá. Ọ̀kan bi í bóyá ó ń tún súùtù náà ṣe. Nígbà tó parí ẹsẹ̀ kìíní tó yí sí èkejì, oníṣọ́ọ̀bù lọ mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá Dùùrù dunnú nígbà tó rí àpótí ńlá. Ó fa wáyà láti inú dùùrù rẹ̀, ó tì í bọ ihò ẹ̀yìn àpótí náà, ó tẹ nǹkan títí, ó ní ó yá. A bẹ̀rẹ̀. Mo gbà fún un, ó ń yí lásìkò bó ṣe wí. A wá dé ibi tí gìtá ti ń dá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sọ tirẹ̀, àsìkò tó kó parí, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àtàǹpàkò kò gbéra. Ó tún wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi àti fọganáísà tẹ̀ lé e, kò tilẹ̀ sí ìgbà tí a rò ó. Dùùrù ní tirẹ̀ ti kà á tán. Láàárín gbólóhùn rẹ̀ gan-an, ohùn gbígbóná yẹn kú, ohùn tín-ín-rín kan bí ti ẹ̀fọn bọ́ sí ipò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró. Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó fa wáyà gìtá yọ nínú àpótí ńlá, ariwo ńlá ta, ó ki wáyà náà bọ sípíkà tààrà. Gìtá lásán, kò sí aṣọ lára rẹ̀. Báyẹn ló ṣe parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ dé ìdí. Fọganáísà ju igi ìlù kan sókè nígbà tó parí, ó gbàgbé láti mú un.

"Ẹ ò tẹ̀ lé iye tí mo kà, mà," ni Ọ̀gá wí.

"Mi ò tíì sọ̀rọ̀ mi tán nígbà tí o pa mí lẹ́nu mọ́."

"Ẹgbẹ́ orin kọ́ nìyẹn. Ẹ mú èyí tí mo wí, ká fi wáyà sí i. Tàbí kí ẹ má wulẹ̀ wá ní Sátidé."

Ẹ̀gbọ́n mi ki ọwọ́ bọ àpò, ó sanwó àpótí kékeré fún oníṣọ́ọ̀bù lójú Ọ̀gá. "Ẹsẹ̀ mi ti fi wíwa ẹ̀rọ tọ́mọ," ni ó wí. "Ó ti fi sin ọkọ. Kò tíì bẹ ẹnikẹ́ni kó bá òun rìn." Ó wọ bàtà rẹ̀.

Èmi ńkọ́? Mo ń tún okùn béèsì mi fà, okùn tí kò bàjẹ́. Mi ò sọ nǹkan kan. Fọganáísà ń wá igi ìlù rẹ̀ lábẹ́ àga. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. A dé ìkóríta kó tó bá mi sọ̀rọ̀.

"Onírun, ṣé sípíkà yẹn ló wúwo tó báyẹn, àbí ẹnu rẹ?"

Ní Sátidé, mo lọ. Mo sọ fún ara mi pé ẹnì kan nínú ilé wa gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Irọ́ ni, mo fẹ́ràn ibi tí mò ń dúró sí, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má fún ẹlòmíràn. Ọ̀gá tẹ bọ́tìnnì, gìtá jáde láti inú dùùrù, gbogbo ohùn rẹ̀ pé, kò ṣìṣe rárá. A dé ibi tí gìtá ti ń dá sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́. Ó parí. Èmi sì ń wo ilẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi máa ń wà, mò ń dúró kí àtàǹpàkò gbéra. Kò sí ẹsẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, Ọ̀gá ti wà nínú orin tó kàn, fọganáísà náà ń dúró bíi tèmi, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè. Àwọn tó ń jó dúró. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mo yọ wáyà béèsì mi, mo ká a, mo jáde gba ẹnu ọ̀nà iwájú kí gbogbo wọn lè rí mi. Bí mo bá ti fẹ́ jẹ́ ojo, kí n má tún jẹ́ ojo tó ń gba ẹ̀yìnkùlé.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù. Ó wà nídìí ẹ̀rọ. Àpótí kékeré wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà ẹ̀rọ, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sí bọ́tìnnì rẹ̀. Kò wo ojú mi.

"Ṣé wọ́n ti ṣe tán ni?"

"Èmi ni mo ti ṣe tán. Ẹ máà bínú, àǹtí mi."

"Mo ń bínú." Ó já òwú. "Mo máa bínú títí di ọjọ́ Àìkú. Fa àga rẹ wá."

A ṣeré títí àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ní Sátidé kejì, fọganáísà gbé ìlù kan ṣoṣo wá, ó ní òun kàn ń kọjá ni. Ta ló ń gbé ìlù kọjá?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni Ọ̀gá Dùùrù wọlé pẹ̀lú ṣòkòtò lọ́wọ́, ó ní ó ti tóbi jù fún òun. Lápá tèmi, mò ń gé irun bàbá kan. Mo pa ẹ̀rọ ìgérun. Bàbá náà pa ẹnu mọ́, kí òun náà lè gbọ́. Mo fa kọ́tìnnì díẹ̀, mo rí Ọ̀gá tó ti wọ ṣòkòtò náà, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sídìí ẹ̀rọ, pín-ìnnì mẹ́ta wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wọn ìdí Ọ̀gá.

"Onígbọ̀ngàn ń béèrè yín, mà," ni Ọ̀gá wí. "Ó ní gìtá tó wà nínú dùùrù mi kò mọ òun."

"Hẹn."

"Mo ní kí ẹ wá ní Sátidé. Ẹ gbé àpótí yín wá, èyíkéyìí tó bá wù yín."

"Wáyà yẹn ńkọ́?"

"Orin kan péré, mà, ìyẹn èyí tó gùn jù..."

Ẹ̀gbọ́n mi fa téèpù. Ọ̀gá mí sínú. Ẹ̀gbọ́n mi yọ pín-ìnnì lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n gún ṣòkòtò náà mọ́ra níbi ìdí, kò yára rárá.

"Ẹsẹ̀ ta ni yóò máa yí ohùn mi?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀ lórí pẹ́dà ẹ̀rọ, kò sí bàtà, ìka rẹ̀ fẹ̀, ọdún méjìdínlógójì irin ẹ̀rọ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yín ni, mà."

"Sọ ọ́ sókè. Kọ́tìnnì wà láàárín wa, Onírun kò gbọ́."

"Ẹsẹ̀ yín ni!"

"Wá gba ṣòkòtò rẹ ní Furáidé."

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn kún. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí gìtá ti ń dá sọ̀rọ̀, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó tún wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ti pẹ́dà gbọọrọ náà díẹ̀díẹ̀, ohùn ń là. Kò tíì ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta rí. Mo yí ojú wo Ọ̀gá Dùùrù. Ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí dùùrù, ó ti tẹ ọrùn síwájú, ó ń wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó ń dúró.